Eyín Tí Egungun Kọ̀

Aṣọ ìnujú ni ọmọbìnrin kan fi bo ẹnu, síbẹ̀ ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lórí àga ní ilé ìwòsàn eyín. Jórinjórin kan tó jókòó tì í ló fà á. Bí nọ́ọ̀sì ṣe pè é báyìí, géńdé tí ihò iná kún ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ yìí fẹ̀yìn rìn sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ wọlé," ó bẹ ọmọbìnrin náà. "Èmi ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi iná jó irin, ẹ tún ń sá fún abẹ́rẹ́?"

"Irin ò mọ̀rora. Èmi mọ̀ ọ́n."

Tíṣà ni ọmọbìnrin náà. Jàǹbá ọkọ̀ ló gba eyín iwájú rẹ̀, ló sì gba àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ti jórinjórin, irin ló já lù ú lẹ́nu níbi iṣẹ́. Eyín tuntun ni àwọn méjèèjì wá gbìn.

Dókítà eyín, obìnrin àgbà kan, kò fepo boyọ̀ fún ẹnì kankan nínú wọn. "Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa di eyín yìí mú, bí òpó nínú ilẹ̀. Jórinjórin, jáwọ́ nínú sìgá. Tíṣà, ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ. Àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Ẹ máa fọ ìdí ẹ̀ dáadáa, ẹ sì máa wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, egungun náà á kọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń dúró kí eyín mú ni ìfẹ́ mú.

"Bó o bá fẹ́ mi, ṣé wàá máa lọ oúnjẹ fún mi?" jórinjórin bi tíṣà.

"Tọ́jú eyín ẹ, wọ̀bìà!"

Ìyá tíṣà ló fárí gá. Sìgá ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró ọkọ rẹ̀ títí tó fi kú. "Mo gbóòórùn ẹ̀ lára ọkùnrin yẹn. Ọmọ tó ṣẹ́ kù fún mi ò ní di opó lójú mi."

"Mo búra, Màmá, mo ti jáwọ́," ni jórinjórin wí.

Irọ́ ni. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, dókítà fọwọ́ kan eyín náà, ó mì. "Ìgbà wo lo mu sìgá kẹ́yìn?"

Ó wojú tíṣà, ó wolẹ̀. "Láàárọ̀ yìí."

Tíṣà gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Eyín jórinjórin kò pẹ́ tó fi bọ́.

Nítorí kí wọ́n má baà pàdé, tíṣà ò lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Ìbànújẹ́ mú un, ó pa oògùn àtọ̀gbẹ tì. Èrìgì rẹ̀ ń ṣọyún, ibà dé, ó sì ṣubú lulẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọ́n yọ eyín náà tòun ti egungun tó ti jẹrà. "Egungun tó kù ò lè gbé eyín mìíràn mọ́ láé," ni dókítà wí.

Jórinjórin gbọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ó bá ìyá tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà yíjú sí ògiri.

"Má wò mí."

"Wo tèmi náà, olólùfẹ́ mi." Ó la ẹnu, ó fi ibi tí eyín ti bọ́ hàn án. "Mo parọ́ fún ẹ."

"Èmi náà ò lo oògùn. Mo fẹ́ lọ bá àbúrò mi."

Jórinjórin di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé o ti jáwọ́ báyìí?" ìyá bi í.

"Mo jáwọ́, mo padà sí i, mo tún ti jáwọ́, Màmá. Mi ò lè búra fún yín mọ́."

"Bàbá ọmọ mi máa ń búra ni," obìnrin náà wí. "Ìbúra náà ló bá kú."

"Tíṣà mi, ṣé wàá fẹ́ mi báyìí?"

"Tó o bá tún mu sìgá, ẹnu ẹ ni kí n ti gbọ́. Bí mi ò bá lo oògùn, màá sọ fún ẹ."

"Mo gbà."

"Èmi náà gbà."

Ìyá dìde, ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Jókòó, àna mi," ó wí. "O ti dúró pẹ́."