Ojú Tí Oòrùn Kò Bà Jẹ́

Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti bá òkú Àyànlọ́wọ̀, àgbẹ̀ Edunabon, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ilé-Ifẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1996. Ó jókòó bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun. Ìgò oògùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Ọ̀ṣúndáre, fi igbe ta. "Nọ́ọ̀sì yìí ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní májèlé jẹ!"

Mojíre, ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, bẹ̀rẹ̀ wo ojú òkú náà. Ó dúdú, ó ń dán, kò ní àbàwọ́n kankan. Mojíre ti rí òkú púpọ̀, àmọ́ èyí ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ṣì ń lọ sóko?"

"Lójoojúmọ́. Kì í dé fìlà, kódà lọ́sàn-án gangan."

"Mo gbọ́ pé ẹ jọ ń jà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Ojú Ọ̀ṣúndáre wálẹ̀. "A jà, a sì ti parí ẹ̀. Èmi náà ni mo gbé e wá síbí, nígbà tó ní ọkàn òun ń sáré."

Nọ́ọ̀sì Fọláṣadé bọ́ síwájú. Ó ṣàlàyé pé àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège, irú èyí tó ń pa èèyàn lójijì, ni àwọn ń tọ́jú. Oògùn méjì ni wọ́n ń fi wéra, Kìíní àti Èkejì, kí wọ́n lè mọ èyí tó sàn jù. Hóró wọn jọra. Dókítà Ọlátúnbọ̀sún nìkan ló ń dì í sínú ìgò, ìwé rẹ̀ nìkan ló sì mọ ẹni tó ń lo èwo.

"Ẹni mélòó ló ti kú?"

"Mẹ́rin, pẹ̀lú Bàbá yìí. Dókítà ní Èkejì ni gbogbo wọn ń lò."

"Kí lẹ mọ̀ nípa Èkejì?"

"Kò fẹ́ oòrùn rárá, Mà. Bí èèyàn bá lò ó pẹ́, tó sì ń rìn nínú oòrùn, ojú rẹ̀ lè dà bí eérú."

Níta, Alhaji Abdulwaheed, aláìsàn mìíràn, jókòó sábẹ́ agboòrùn. Iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ dà bí eérú.

"Alhaji, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń lo oògùn?"

"Oṣù mẹ́wàá, ọmọ mi. Alhamdulillah, ọkàn mi ti rọlẹ̀. Ojú yìí nìkan ni."

Nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, Dókítà fún Mojíre níwèé náà láìjiyàn. Àyànlọ́wọ̀: Èkejì, oṣù mẹ́sàn-án. Abdulwaheed: Kìíní. Mojíre gbé ojú ìwé náà sókè sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ là á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mẹ́jọ. Ẹnì kan ti fi abẹ họ ibẹ̀.

"Dókítà, ẹni tó lo Èkejì fún oṣù mẹ́sàn-án, tó ń roko lójoojúmọ́ láìdé fìlà, ṣé ojú rẹ̀ á máa dán báyẹn?"

Dókítà nawọ́ láti gba ìwé náà padà.

"Kìíní lẹ fún un. Kìíní ló pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹnì kan bá ti kú, ẹ ó fi òkú ṣe pààrọ̀ alààyè nínú ìwé, bí ẹ ṣe fi Àyànlọ́wọ̀ pààrọ̀ Alhaji tó wà níta. Ẹ mọ̀ pé ó ń pa wọ́n, ẹ sì ń fún wọn lọ. Kí ló dé?"

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìyá mi ni. Èmi ni mo fún un ní Kìíní, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Bí ìwé yìí bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé èmi ni mo pa á." Ó nu ojú rẹ̀. "Àyà ẹnikẹ́ni tí mo bá gbé ẹ̀rọ lé, tìyá mi ni mo ń gbọ́. Á sáré, á sáré, á sì dákẹ́."

"Àwọn wo ló kù tó ń lo Kìíní?"

Ó ka orúkọ méje láìwo ìwé.

Wọ́n mú un lọ. Mojíre àti Fọláṣadé wá ń kiri ilé dé ilé, wọ́n ń gba ìgò. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ẹnì kan ló kù, Ìyá Títílọpẹ́ n'Ìlódè. Ìyá arúgbó náà ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Ó gbé ìgò rẹ̀ lé Fọláṣadé lọ́wọ́ láìbéèrè ohunkóhun.

"Ẹ bá wa lọ sílé ìwòsàn báyìí, Mà, kí wọ́n lè máa ṣọ́ yín," Fọláṣadé wí.

Ìyá náà dìde, ó gbọn eruku ẹ̀wà kúrò lára ìró rẹ̀.

"Ṣé Dókítà wà níbẹ̀? Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó máa ń fetí sí àyà mi pẹ́, bí ọmọ tí mo bí."