Yàrá Tí Mojíre Kọ̀

Mojíre fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ lórí pátákó ìkéde, ó tún un tọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ojú ló ń tan òun. Ojú ò tàn án. Họ́sítẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó wà lẹ́yìn pápá ni wọ́n fi í sí, yàrá kẹtàlá. Bẹ́ẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì tuntun ni òun àti Fisáyọ̀mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé girama ní Ẹdúnàbọ̀n, jọ kọ sínú fọ́ọ̀mù. Fisáyọ̀mi rí tirẹ̀ gbà.

"Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀ yẹn?" ni Mojíre wí.

"Má lọ," ni Fisáyọ̀mi wí. "Wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ta ló máa mọ̀?"

Ọdún 1995 nìyẹn, ọdún àkọ́kọ́ wọn ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìkéde náà pé ẹni tí kò bá gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn ni yóò gbà á. Mojíre kà á, ó rọra yíjú kúrò. Ó kọ lẹ́tà sílé: "Bàbá mi, wọ́n ti fún mi ní yàrá kẹtàlá. Ara tù mí. Ẹ má ṣèyọnu."

Ara wo ló tù ú? Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí Fisáyọ̀mi bá yí pẹ́ẹ́, Mojíre a fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Bí pọ́tà, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì, bá ń yẹ yàrá wò láàárọ̀, ilé ìwẹ̀ ló ń sá sí. Kí ẹnikẹ́ni ṣáà ti kanlẹ̀kùn, àyà rẹ̀ a já. Nínú kíláàsì, ó ń tòògbé. Nínú yàrá, kò lè sùn. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, Fisáyọ̀mi fúnra rẹ̀ ti ń pòṣé bó bá rí i tó ń wọlé.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Mojíre ń lọ ra búrẹ́dì, ló bá rí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ilé ìwòsàn, tó di fìlà mọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tó wé ìbòrí dúró tì í. Baba rẹ̀ ni, Bàbá Àjàgbé.

"Àníkẹ́!" Oríkì rẹ̀ ni baba náà fi pè é. Ó dìde, ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìwọ nìyí?"

Mojíre kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Láti àárọ̀ tí Bàbá ti wá kí ọ ní yàrá wa la ti ń wá ọ," ni ọmọbìnrin náà wí. "Sùmáyà ni mí, yàrá kẹtàlá ni mò ń gbé. Orúkọ rẹ wà lára ilẹ̀kùn wa, a ò rí ọ rí."

Baba rẹ̀ ò pariwo. "Mo ní kí wọ́n wo ìwé àwọn aláìsàn. Orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀. Ibi tó kù kí n bèèrè, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ni mo bá jókòó." Ó fi fìlà nu ojú. "Bí yàrá náà ò bá wù ọ́, o ò ṣe kọ ọ́ sí mi? Ṣé mo ti jágbe mọ́ ọ rí ni?"

Mojíre bú sẹ́kún.

Wọ́n jọ lọ sí yàrá kẹtàlá. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Sùmáyà ló tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Mojíre fúnra rẹ̀ lọ bá pọ́tà họ́sítẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Pọ́tà bá a wí gidi, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àwọn tó ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Orí ẹní ló sùn títí tí sáà náà fi parí. Ó yà á lẹ́nu pé ó ń sùn fọnfọn.

Ibi tí wọ́n fi èèyàn sí lè má wù ú. Kó wí i síta, kó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ò lẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara pamọ́ fún àwọn tó lè bá a wí, ó ti fara pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.