Ẹ̀rọ Tí Kò Ṣeé Pa

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè mí ní òpùrọ́. Orúkọ náà ò ní já mi sí ìhòòhò. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wà láyé. Ẹ má bi í o. Kì í fẹ́ sọ ọ́.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń ṣe. Nínú yàrá rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti gbó, ló ti ń kọ́ ilé ńláńlá fún àwọn ẹlòmíì. Òun fúnra rẹ̀ ń háyà yàrá méjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Ẹ̀rọ, bá a fi nọ́ńbà kékeré kan sí igun ojú ẹ̀rọ náà.

"Ìgbóná ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn," Dókítà Ẹ̀rọ ní. "Máa ṣọ́ ọ. Tó bá ti fẹ́ lé ní àádọ́rùn-ún, pa á kó sinmi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ilé ìwòsàn ní kí ayàwòrán ilé yìí gbé ìyá rẹ̀ padà sílé. Ibà tí kò lọ ni. Dókítà tó ń tọ́jú èèyàn náà tún sọ pé kó máa ṣọ́ ìgbóná ara wọn. Bí ọkùnrin yìí ṣe di ọlọ́dẹ ìgbóná méjì nìyẹn.

Ọ̀sán ni. Òjò ṣú, kò rọ̀. Àdúgbò dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí. Ó ń ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, irú iṣẹ́ tó máa ń mú nọ́ńbà náà sáré dé ọgọ́rin. Ó wò ó. Mọ́kàndínlógójì. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

"Ọ̀lẹ," ó sọ fún nọ́ńbà náà.

Ohùn ìyá rẹ̀ ti yàrá kejì wá, tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ọmọ mi, ara mi ń gbóná."

"Mo ń bọ̀, Màámi."

Ó ki ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà bọ abẹ́ apá wọn. Mọ́kàndínlógójì.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fún wọn lóògùn, ó fi aṣọ tútù nu iwájú orí wọn. Nígbà tó padà sídìí tábìlì, nọ́ńbà ti di méjìdínlógójì. Ó sáré padà lọ wọn ara ìyá rẹ̀. Méjìdínlógójì.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pe Dókítà Ẹ̀rọ.

"Nọ́ńbà tóo fi síbẹ̀, ara Màámi ló ń kà."

"Àfi kí ìwọ náà lo nínú oògùn wọn."

"Mi ò ṣeré."

"Ẹ̀rọ ló dàrú. Pa á, kóo tún tàn án."

Ó na ìka sí bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kò tíì wọlé.

"Ta ló gbọ́wọ́ lé mi láyà?" ìyá rẹ̀ kígbe.

Ó fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí iná jó.

"Kí ni wọ́n ń sọ yẹn?" Dókítà Ẹ̀rọ bi í lórí fóònù.

"Máa bọ̀. Jọ̀ọ́, máa bọ̀."

Nọ́ńbà náà ń lọ sílẹ̀. Ó kọjá mẹ́tàdínlógójì, kò dúró. Ó di márùndínlógójì. Ọkùnrin náà sáré lọ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó tutù bí ilẹ̀ bálùwẹ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Ó padà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Iṣẹ́ ló ń mú ẹ̀rọ gbóná. Ó fún un níṣẹ́. Gbogbo ilé tó ti yà láyé rẹ̀, ó ṣí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣí fíìmù lé e. Ó ya aṣọ, ó fi dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ̀rọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo bẹ̀ yín," ó ní. "Ẹ má lọ. Mo máa ń bú yín, ẹ má bínú."

Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ̀yin" bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Márùndínlógójì. Ní yàrá kejì, ẹnì kan mí kanlẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì.

Iná lọ.

Fáànù òkè rọra dúró. Fíríìjì dákẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ojú ẹ̀rọ ṣì ń tàn. Mẹ́tàdínlógójì.

"Ọpẹ́lọpẹ́ bátìrì," ó ní. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Dókítà Ẹ̀rọ wọlé láì kanlẹ̀kùn. Ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi bébà dì lé tábìlì.

"Kí nìyí?"

"Bátìrì ẹ. Tuntun ni. Àbí o ti gbàgbé pé mo yọ ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó wú?"

Wọ́n wo ẹ̀rọ. Dókítà Ẹ̀rọ rọra gbé e sókè, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ibi tí bátìrì ń jókòó ṣófo. Ó rọra gbé e sílẹ̀ padà, bí ẹni gbé ẹyin.

"Kí ló wá ń lò?" ó bèèrè.

Ìyá ọkùnrin náà ló sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti rẹ̀ mí. Pa á."

Wọn ò mọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà. Wọn ò tíì wọ yàrá yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.

"Ṣé ẹ̀rọ ni wọ́n ní kóo pa," Dókítà Ẹ̀rọ ní, "àbí..." Kò parí rẹ̀.

Ọkùnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ náà, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú.

"Ẹ dúró díẹ̀ sí i, Màámi."

Ojú ẹ̀rọ ló kọ sí.

Iná ti dé, ó ti lọ, ó tún ti dé. Bátìrì tuntun ṣì wà nínú bébà. Bí ẹ bá gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá, ẹ máa gbọ́ ohun kan tó ń mí. Ẹ máa lọ ní tiyín. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ yà kí i, ẹ bi í pé ara ńkọ́. Ẹ má bi í pé ìgbà wo ló máa pa á.