Ìdáhùn Tí Àyọ̀kẹ́ Gbé Mì

Ohùn Olúmúyìwá ni Àyọ̀kẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ojú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, lọ́dún 1994, tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìlódè ń kọ́ orin Àjíǹde. NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni. Gbogbo èèyàn ti dákẹ́, àfi ohùn tẹ́nọ̀ kan tó ń rìn kiri nínú òkùnkùn bí ewúrẹ́ tó sọnù.

"Bùrọ̀dá," Àyọ̀kẹ́ pariwo, "ẹ dúró síbẹ̀, ká fi tọ́ọ̀ṣì wá ohùn yín!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí iná dé, ó rí ọkùnrin gíga kan tó ń rẹ́rìn-ín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan ní yunifásítì. Láti ọjọ́ náà ni Àyọ̀kẹ́, tó jẹ́ tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ń sìn ín dé Ẹnuwá bí wọ́n bá kọrin tán, níbi tó ti ń wọ mọ́tò padà sí kámpọ́ọ̀sì. Ẹ̀pà sísun ni wọ́n máa ń jẹ lójú ọ̀nà, wọ́n á sì máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọkùnrin kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún obìnrin. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ni yóò bá. Ìgbìmọ̀ ni yóò pe ọmọbìnrin náà, tí wọ́n á ní kó lọ gbàdúrà. Títí yóò sì fi mú èsì wá, kíkí nìkan ló kù láàárín àwọn méjèèjì. Òfin ni, kò sì sẹ́ni tó ń bi òfin léèrè ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Láoyè, alága ìgbìmọ̀, pe Àyọ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ mi, Bùrọ̀dá Múyìwá ní ọ̀rọ̀ rẹ lọ́kàn. Kí lo rí sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé ètè Àyọ̀kẹ́. Ó gbé e mì. Ní ọdún tó kọjá, Arábìnrin Ìgbẹ́kẹ̀lé gbà lójú ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é, títí di òní ni wọ́n ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹran ara ló bá a dáhùn, kì í ṣe Ẹ̀mí.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbàdúrà sí i, mà."

Màmá Láoyè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí ọmọ tó mọ Ọlọ́run ṣe ń dáhùn nìyẹn."

Ìyìn yẹn dùn mọ́ ọn. Ìyìn yẹn ló sì ba ayé rẹ̀ jẹ́. Àjíǹde lọ, wọ́n bi í, ó ní òun ṣì ń gbàdúrà. Òjò dé, wọ́n tún bi í, ó ní òun ṣì ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ọkùnrin náà ń jó o nínú. Ó ti pinnu pé ọjọ́ ìkórè ni òun yóò mú èsì lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà pe òun ní oníwàdùwàdù.

Ìyá rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà látilẹ̀wá, kò lóye rẹ̀ rárá.

"Ṣé o fẹ́ràn ọkùnrin yìí àbí o ò fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Màmi."

"Kí lo wá ń bi Ọlọ́run? Lójú ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n ni bàbá rẹ ti bá mi sọ̀rọ̀, iṣu wà lórí mi. Kí n tó sọ iṣu kalẹ̀, mo ti dá a lóhùn. Ṣé n ò pẹ́ nílé ọkọ ni?"

"Màmi, ìjọ tiwa yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Sùúrù ni baba ìwà, ọmọ mi, ṣùgbọ́n sùúrù kọ́ lò ń ṣe yìí. Ṣekárími ni."

Ọjọ́ ìkórè dé. Àyọ̀kẹ́ gbé iṣu ńlá kan lọ síwájú pẹpẹ. Ó ti sọ fún Màmá Láoyè pé òun fẹ́ rí i lẹ́yìn ìsìn, ayọ̀ ò sì jẹ́ kó lè dúró jẹ́ẹ́ láàárín ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà náà ni pásítọ̀ dìde.

"Mo kéde ètò ìgbéyàwó láàárín Arákùnrin Olúmúyìwá Adéagbo àti Arábìnrin Ànúolúwapọ̀ Àtàndá. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí àwọn méjèèjì kò fi gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn, kó sọ ọ́. Ìkéde àkọ́kọ́ rèé."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ó dun Àyọ̀kẹ́ wọra. Ó ṣí ìwé orin, kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bá Múyìwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iṣu.

"Bùrọ̀dá Múyìwá, ẹ kú oríire."

Múyìwá kò lè wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ní o ò gbọ́ nǹkan kan. Màmá Láoyè ní bí arábìnrin bá pẹ́ tó báyìí tí kò gbọ́, Ọlọ́run ti dáhùn nìyẹn. Ìyá mi sì ń sunkún ní Ìkọ̀lé pé òun fẹ́ rí ọmọ-ọmọ. Wọ́n júwe Ànú fún mi, mo gbà." Ó gbójú sókè. "Kí ni Ọlọ́run tiẹ̀ sọ fún ọ?"

"N ò bi í."

"Kí lo wí?"

"N ò gbàdúrà kankan lórí ọ̀rọ̀ yín. Kí ni mo fẹ́ máa bi í? Ọjọ́ tí wọ́n pè mí ni mo ti gbà yín lọ́kàn mi. Mo kàn ń dúró kó pẹ́ tó ni."

Múyìwá gbé iṣu kan, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Àyọ̀kẹ́. Olólùfẹ́ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. "Àwọn èèyàn mi ti lọ dọ̀bálẹ̀ nílé àwọn Ànú. Wọ́n ti gbàdúrà lé wa lórí. Ànú ò sì ṣẹ̀ mí."

"Mo mọ̀," ni Àyọ̀kẹ́ wí. "Kò ṣẹ èmi náà."

Ní ọjọ́ ìkéde kẹta, ìyá Àyọ̀kẹ́, tí kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì náà rí, wá jókòó síwájú. Pásítọ̀ ka orúkọ àwọn méjèèjì, ó béèrè ẹni tó mọ ìdí kan, ó sì dákẹ́. Ìyá di bẹ́ńṣì mú, ó ti ń dìde bọ̀. Àyọ̀kẹ́ wò ó láti ibi tó dúró sí, ó mirí fún un. Ìyá náà padà jókòó, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Wọ́n dá orin. Ohùn tẹ́nọ̀ kan ṣìnà lẹ́yìn, àwọn akọrin sì rẹ́rìn-ín sábẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àyọ̀kẹ́ kọ tirẹ̀ dé òpin.

Lẹ́nu ọ̀nà, Màmá Láoyè dì mọ́ ọn.

"Má jẹ́ kó dùn ọ́, ọmọ mi. O ṣe dáadáa. O ò kánjú."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Àyọ̀kẹ́ dáhùn, lójú ẹsẹ̀.