Apá Ọ̀tún Ké Ju Apá Òsì Lọ

"Susanna, gbọ́ ọ! Lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ yìí ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà. Lápá òsì, ó ń ṣe bí ẹni tí ibà mú!"

Badirat ló ń ṣẹ̀fẹ̀ báyìí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìlọ́fà, lọ́dún 1983. Àpótí kékeré kan wà níwájú wọn. Nǹkan tíńtìntín tí ojú kò lè rí ló ń fọ́ fúnra wọn nínú rẹ̀, tí èérún wọn ń fò síta; ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lọ́wọ́ wọn sì ń ké ní gbogbo ìgbà tí èérún náà bá bà á. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Lazarus, ti ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà sápá òsì àpótí náà, kí oníkálùkù sì kọ iye ìgbà tó gbọ́ tó ké. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni ìjọba yóò rán lọ kàwé ní Ìlọrin.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Susanna ní nìyẹn. Ìbejì ni, òun ni Kẹ́hìndé. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ pé owó iṣu òun kò lè rán ju Táyé nìkan lọ sílé-ìwé gíga.

"Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́," Susanna ní.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá oníwèé!"

Kò kọ ọ́. Nílé wọn, ohun tí wọ́n bá fún Táyé ni wọ́n ń fún Kẹ́hìndé, ìbáà ṣe ẹran ọbẹ̀. Kò rò ó pé Ọlọ́run lè fún ọ̀tún kó má fún òsì. Ó bá dín iye tó kọ fún ọ̀tún kù, ó bù ú kún ti òsì, títí méjèèjì fi dọ́gba.

Ìyáàfin Oyèdìran tó wá yẹ iṣẹ́ wọn wò láti Ìlọrin ṣí àpótí náà lójú gbogbo wọn. Òjé, irin tó máa ń dí irú èérún bẹ́ẹ̀ lọ́nà, nípọn lápá òsì.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi dí i," ìyáàfin náà wí. "Ta ló kọ ọ́ pé ó dọ́gba?"

Susanna dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́."

"Kí ló dé tí o ò kọ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé náà gbà nígbà kan pé ọ̀tún àti òsì kò lè yàtọ̀ nínú ohun tó ń fọ́ báyìí. Wọ́n dán an wò, ó yàtọ̀. Bí wọ́n bá tún iye tí wọ́n rí ṣe bíi tìrẹ ni, a kì bá tí mọ̀."

Badirat tó kọ pé, "Kò dọ́gba, n kò mọ ìdí rẹ̀," ni wọ́n mú láti lọ kàwé ní Ìlọrin.

Bàbá Susanna kò nà án. "Kẹ́hìndé, a jẹ́ pé oko ni," ló sọ, ó bá wọlé. Nígbà tí Táyé wọkọ̀ lọ sílé-ìwé, èpò iṣu ni Susanna ń ro. Ó sunkún títí, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ẹ̀yin ọmọ, Susanna kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dára lójú ju kó jẹ́ òótọ́ lọ. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ, bó tiẹ̀ burú lójú yín. Ẹni tó bá tún ohun tó rí ṣe kó lè dára lójú lè má rí ẹni tí yóò bá a tún ayé tirẹ̀ ṣe.