Àlejò Tí Ìyá Mi Fún Lómi

"Ilẹ̀ tí ẹ ń wọ̀n yìí, ta ni ẹ fẹ́ gbà á fún?"

Ọ̀rọ̀ tí Sikirat kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn, lọ́dún 1976, ní àgbàlá bàbá rẹ̀ l'Òṣogbo. Mò ń kọ́ṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ nígbà náà. Mo ní bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wá níṣẹ́.

Kò kúrò níbẹ̀. Ó bèèrè ohun tí mò ń kọ sínú ìwé. Ó bèèrè ìdí tí àwa Ìjẹ̀ṣà fi ń pe ilé ní "ulé". Nígbà tó fi máa bèèrè orúkọ mi, mo ti ṣi ìwọ̀n kọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Micah Ọláìtán, láti Iléṣà."

"Micah? Bàbá mi ò ní gbà."

"Kí ni wọn ò ní gbà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa mọ̀ tó bá yá."

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe é.

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Bàbá Àjàgbé alágbẹ̀dẹ fàdákà, ó fi sùúrù gbọ́ tèmi tán. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní lọ sílé tí wọn ò ti ní jẹ́ kó kírun."

Mo búra pé kò sẹ́ni tí yóò dí i lọ́wọ́. Ó mirí. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́."

Nílé wa ńkọ́? Phebe ìyá mi, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì paraku, ké mọ́ mi: "Gbogbo ọmọbìnrin Iléṣà ti tán ni, tó o fi lọ mú ọmọ Mùsùlùmí?"

Oṣù mẹ́wàá ni a fi wà bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Lọ́jọ́ kan ṣá, Bàbá Àjàgbé ránṣẹ́: "Kó àwọn ènìyàn rẹ wá."

Ọjọ́ tí àwọn ẹbí pàdé, ìyá mi wo bàbá náà, ó lanu. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò tún sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́ láéláé.

"Sikirat, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Olówó orí mi, ẹ gba ohun tí wọ́n fún yín."

Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni a jọ gbé. Ó ń ránṣọ ní Iléṣà, ó ń kírun, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bí ọmọ mẹ́ta, ó rí ọmọ-ọmọ méje. Kò sì yé bèèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí Wúrà, àkọ́bí wa, wọ ilé ìwé ní Ẹ̀sà-Òkè, ìyá rẹ̀ ló bi olùkọ́ ní ìbéèrè títí ọkùnrin náà fi fún un ní àga. Nígbà àìsàn ìkẹyìn rẹ̀ gan-an, nọ́ọ̀sì tó ń gún un lábẹ́rẹ́ ló ń bi pé, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ ní ọwọ́ jẹ́jẹ́ báyìí?"

Ó kú lọ́dún yìí. Òṣogbo la sin ín sí. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo fa Jẹ̀lílì, àbúrò rẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jẹ̀lílì, kí ló mú bàbá yín gbà?"

Ó mí kanlẹ̀. "Àǹtí mi ló ní kí Bàbá lọ wò yín láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá rí ìwà burúkú, òun ò ní dárúkọ yín mọ́. Bàbá lọ sí Iléṣà. Àsìkò ìrun bá wọn lẹ́nu ọ̀nà yín, wọ́n tọrọ omi àlùwàlá lọ́wọ́ ìyá yín. Ìyá yín gbé omi wá, wọ́n tẹ́ ẹní tuntun, wọ́n sì lé àwọn ewúrẹ́ títí Bàbá fi kírun tán. Ìyá yín ò tiẹ̀ bèèrè orúkọ Bàbá. Ojú ti Bàbá pé àwọn ṣọ́ àna. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ."

"Ìyá mi kò fẹ́ kí n fẹ́ ẹ rárá nígbà náà. Sikirat mọ̀."

"Ó mọ̀. Ààwẹ̀ ló gbà lọ́jọ́ tí Bàbá lọ. Ó gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta."

Lọ́jọ́ kejì, Humairah, ọmọ-ọmọ wa, mú mi lọ síbi sàréè, mo sì ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún un lójú ọ̀nà.

"Bàbá, bí ìyá yín bá ti lé Bàbá Àjàgbé ńkọ́?"

"Ǹ bá máa bá ẹlòmíràn gbé, ǹ bá sì máa ṣe kàyéfì nípa ọmọbìnrin kan l'Òṣogbo."

Mo fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ náà. "Sikirat mi, o fọkàn tán ìyá mi tí kò tíì fẹ́ràn rẹ. O ṣeun. Sùn-un re."

Humairah nawọ́ sí mi, mo dì í mú, mo dìde.