Ta Ló Kó Àwọn Ìwé Ọjọ́ Ẹtì?

Kí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán tó lù, ìwé mẹ́rìnlélógún ti di àwátì.

Kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Pẹpẹ òkè kún. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ kún. Ti àárín ṣófo, ó mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n fi ahọ́n lá a.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ni iṣẹ́ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó káwọ́ lérí. Aṣètò ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, nítorí òun ni wọ́n ní kó ṣètò àdúgbò fàájì tó wà láàárín ìgboro: ibi tí ọkọ̀ yóò máa dúró sí, ibi tí bọ́ọ̀sì yóò máa gbà, bí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ṣe rí ọ̀nà rìn láàárín sinimá, tíátà àti àwọn ilé ijó. Ní aago mẹ́rin, ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó lórí ètò rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á, wọ́n á dá a padà sí ìdí iṣẹ́ kíkun ìlà sójú títì, níbi tí wọ́n ti mú un wá.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti àgọ́ ọlọ́pàá òdìkejì títì jẹ́ obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Má-tan-mí-jẹ ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, àmọ́ ó máa ń ṣe bí ẹni pé ará àdúgbò ló fún òun.

"Kí ló wà nínú àwọn ìwé yìí?"

"Nọ́ńbà ọkọ̀ ni, ma. Òpópónà mẹ́fà ló wà ní àdúgbò yẹn. Lọ́jọ́bọ̀, lọ́jọ́ Ẹtì àti lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ń rìn yí ká ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ń kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó dúró síbẹ̀. Bí nọ́ńbà kan náà bá wà níbẹ̀ láti aago márùn-ún títí di mẹ́jọ, a mọ̀ pé olúwarẹ̀ ò kúrò lójú kan."

"Kí lẹ wá rí?"

Ojú Aṣètò mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Àwọn ọkọ̀ tó ń dí ẹnu ọ̀nà sinimá kì í ṣe ti àwọn tó wá wòran. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gan-an ni! Oníbàárà á yí títí, kò ní ríbi dúró, á bínú lọ sílé. Ètò mi ni pé kí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ lọ máa dúró ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú, kí bọ́ọ̀sì kékeré máa kó wọn wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá."

"Ta ló mọ̀ pé ibí làwọn ìwé wà?"

"Ta ni ò mọ̀, ma? Gbogbo ẹni tó bá ti wọlé ni mo ń ṣàlàyé fún. Bọ̀dá Onítáì, Màdáámù Onítíátà, ìyàwó Ọ̀gá, ẹni tó wá tún fèrèsé ṣe lánàá." Ó wolẹ̀. "Iṣẹ́ náà ló dùn mọ́ mi."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Orí ìṣó ló wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aago méjìlá ààbọ̀ ni mo lọ jẹun."

Má-tan-mí-jẹ mú ìwé kan tí wọ́n fi pínnì gún pọ̀ lórí tábìlì. "Èyí ńkọ́?"

"Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kì í gba àròpọ̀ bí wọn ò bá rí ìwé tí a ti rò ó."

"Olè rí i, kò mú un."

"Kò mú un, ma."

"Ti ọjọ́ wo ló wà lórí pẹpẹ tó ṣófo yìí?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Òpópónà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

"Ọjọ́ wo ni àdúgbò yẹn ń kún jù?"

"Àbámẹ́ta ni, ma."

Àwọn ìwé Àbámẹ́ta sì wà lórí pẹpẹ, wọ́n tò gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́. Má-tan-mí-jẹ kàn ní, "Hùn."

Yàrá kejì ni Bọ̀dá Onítáì wà. Ọdún méjìdínlógún ló ti lò ní ọ́fíìsì yẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tí táì rẹ̀ wọ́. Òun náà ti ya ètò kan rí, ilé alájà mẹ́jọ tí wọn ì bá máa gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n fi ìwé ètò náà tẹ́ abẹ́ ife tíì.

"Mo mọ̀ pé èmi lẹ máa kọ́kọ́ wá bá," ó wí, ó ń tún ọrùn táì ṣe nínú gíláàsì fèrèsé.

"Kí ló dé?"

"Èmi ló yẹ kí wọ́n fún níṣẹ́ yẹn ni. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀."

"Níbo lẹ wà lágogo kan?"

"Mo lọ ya fọ́tò. Fún ìgbà tí wọ́n bá fún mi nípò."

"Ipò wo?"

"Èyíkéyìí tó bá ṣí sílẹ̀." Ó fi rìsíìtì onífọ́tò hàn án, aago tó yà á wà lára rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ma. Ká ní èmi ni, àròpọ̀ yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ kó. Lẹ́yìn rẹ̀, Àbámẹ́ta. Orí Àbámẹ́ta ni gbogbo ètò rẹ̀ dúró lé. Ta ló ń jí ọjọ́ Ẹtì?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó dun Má-tan-mí-jẹ pé onítáì ló kọ́kọ́ bi í.

Màdáámù Onítíátà jókòó sí yàrá àlejò, ó ń dúró de ìgbìmọ̀. Báàgì ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbà ju páúdà lọ.

"Mo gbọ́ pé inú yín ò dùn sí ètò yìí."

"Ta ni inú ẹ̀ máa dùn? Ẹnu ọ̀nà onísinimá ni wọ́n gbé ibùdókọ̀ sí! Ogójì ẹsẹ̀ ni sí tèmi. Mo fẹsẹ̀ ara mi wọ̀n ọ́n. Kí ló fi dára jù mí lọ? Àga ilé ẹ̀ ń dún fíó-fíó!"

"Ẹ wá fẹ́ kí ètò náà bàjẹ́?"

"Bàjẹ́ kẹ̀? Kí wọ́n sún un wá síwájú ilé mi ni. Bí wọn ò bá ṣe ibùdókọ̀ rárá, kí ni wọ́n máa rí sún?"

Má-tan-mí-jẹ kọjá sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Abọ́ oúnjẹ méjì wà lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀kan tó ti jẹ, èkejì tí kò tíì ṣí.

"Ọmọ yẹn já fáfá," Ọ̀gá wí, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí eyín ń dùn. "Bí ìgbìmọ̀ bá pè mí lórí fóònù báyìí, wọn kì í bi mí pé báwo nilé. 'Báwo ni Aṣètò?' Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn."

"Ẹ fura sí ẹnikẹ́ni, sà?"

"Rárá o."

Ó wá ku ẹnu géètì. Baba ẹ̀ṣọ́ dìde.

"Láàárín méjìlá ààbọ̀ sí kan ààbọ̀, èèyàn méjì péré ló jáde, tí ẹ bá yọ Aṣètò kúrò. Bọ̀dá Onítáì, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Gbogbo gíláàsì ọkọ̀ tó kọjá ló fi wo ara ẹ̀. Ìyàwó Ọ̀gá ló tẹ̀ lé e, wọ́n gbé oúnjẹ wá bí wọ́n ṣe máa ń gbé e wá. Mo ní kí n bá wọn gbé báàgì oúnjẹ, wọ́n kọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé e, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ."

"Báàgì oúnjẹ tí wọ́n ń gbé lọ sílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

"Baba, abọ́ oúnjẹ ṣì wà lórí tábìlì Ọ̀gá. Kí ló wá ń wúwo?"

Baba ẹ̀ṣọ́ nawọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn ọ́fíìsì.

Ẹ̀yìn ọ́fíìsì gan-an nilé Ọ̀gá wà. Má-tan-mí-jẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó Ọ̀gá jókòó lórí àpótí, ọpọ́n ńlá wà níwájú rẹ̀. Omi inú ọpọ́n ti di aláwọ̀ búlúù. Ìwé ló ń fọ̀.

"Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́."

Kò sá. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ bá mi bi í, àǹtí. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ta ni?"

"Ọkọ mi! Láti oṣù tó kọjá, kò sọ̀rọ̀ méjì kó má dárúkọ ọmọbìnrin yẹn. Aṣètò sọ báyìí, Aṣètò ṣe tọ̀hún. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, á ní òun ń lọ sí ìpàdé. Ìpàdé wo? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé oúnjẹ lọ, ọmọ náà fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé kò sí ọkọ̀ tó lè dúró ní àdúgbò yẹn kí nọ́ńbà ẹ̀ má wọ̀wé. Mo ní ó ti tán. Ẹni tó gbẹ́ ihò ló júwe ẹ̀ fún mi."

"Ẹ ò mọ òpópónà tó wà, ẹ fi kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

"Kí ni ǹ bá ṣe? Òpópónà Sinimá ni mo ti rí i. Nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀, aago márùn-ún títí di mẹ́jọ, ọjọ́ Ẹtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú kan náà! Ta sì ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí èèpo ìwé pé òun ló ń ṣọ́ òpópónà yẹn? Òun!" Ó ti ìwé kan wọ inú omi bí ẹni ń tẹ ọmọ ológbò rì. "Mo wá fọ̀ wọ́n."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gá. Nígbà tó rí ọpọ́n náà, apá rẹ̀ já.

"Ta ló wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú yín, sà?" Má-tan-mí-jẹ bi í.

"Kò sí ẹnì kan."

"Irọ́!" ìyàwó rẹ̀ ké.

"Wákàtí mẹ́ta, sà. Lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí lẹ ń ṣe?"

Ọ̀gá lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ àga. Ó kún fún nọ́ńbà.

"Mo ń ka ọkọ̀ ni," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo rò pé ọmọ yẹn ń kọ ọ́ láti inú orí ara ẹ̀. Mo fẹ́ rí àṣìṣe kan. Ẹyọ kan péré, kí n lè gbé e síwájú ìgbìmọ̀."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí ọ̀kan. Nígbà tí mo tún un wò, èmi ni mo ṣì í kọ."

Aago mẹ́ta ti kọjá. Má-tan-mí-jẹ wo ìwé tó wà nínú omi, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. "Iṣẹ́ Aṣètò ní Òpópónà Sinimá wà lọ́wọ́ yín, sà. Ìwé tirẹ̀ ti bàjẹ́. Tiyín ò bàjẹ́."

"Bí mo bá gbé e jáde, wọ́n á bi mí ìdí tí mo fi kà á."

"Wọ́n á bi yín."

Ní aago mẹ́rin, wọ́n bi í lóòótọ́. Alága ìgbìmọ̀ yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ rán ọmọ níṣẹ́, ẹ tún lọ ń ṣe é níkọ̀kọ̀. Kí ló fà á?"

Ọ̀gá tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó wo òrùlé.

"Ìlara ni, sà," ó wí. "Mo ń wá ohun tí màá fi bà á jẹ́. Mi ò rí i."

Alága gba ìwé àròpọ̀ lọ́wọ́ Aṣètò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ̀gá, ó sì ń fi ìka tọ nọ́ńbà lọ, láti ojú ewé kan sí òmíràn. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó pa ìwé náà dé.

"Èmi ò rí ẹlẹ́rìí tó dára tó ẹni tó fẹ́ kó o ṣubú," ó sọ fún Aṣètò. "A gbà á. Bọ́ọ̀sì rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn."

Ìyàwó Ọ̀gá ń dúró ní ìta gbàgede, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní àbàwọ́n búlúù títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Aṣètò, ìgbìmọ̀ sì ti ní òun náà ló máa ra ìwé tuntun, tó máa rìn yí òpópónà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká fún ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin, kó kọ nọ́ńbà.

Ó fa Má-tan-mí-jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kò fẹ́ ọmọ náà?"

"Kò fẹ́ ẹ, ma. Ó kàn jókòó sínú ọkọ̀, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni."

"Fún wákàtí mẹ́ta?"

"Wákàtí mẹ́ta."

Ojú obìnrin náà tún le.

"Ogún ọdún tí mo ti wà nílé ẹ̀," ó wí, "kò wo èmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún rí."